Fóònù ti lé kọ̀ǹpútà lọ ni, àbí kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ débẹ̀ rí?

Ìyá Télọ̀, Òṣogbo:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ilé mi tó dàrú. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, akáǹtíǹgì ló fẹ́ kà. Ó ní láptọ́ọ̀pù lòun fẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n má fowó ṣòfò, pé kò sẹ́ni tó ń fi kọ̀ǹpútà wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ láyé ìsinsìnyí, kí n ra fóònù ńlá fún un, ó parí. Èmi fúnra mi, fóònù ni mo fi ń gba iṣẹ́, òun náà ni mo fi ń gbowó. N ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, n ò sì rí ohun tí mo pàdánù. Ṣé lóòótọ́ ni fóònù ti gba ipò kọ̀ǹpútà? Àbí fáàrí lásán lọmọ yìí fẹ́ ṣe?

* * *

Bọ̀dá Kafé, Ìbàdàn:

Ìyá Télọ̀, àbúrò yín ò parọ́, ó kàn sọ ọ̀rọ̀ náà kù ni.

Tó bá jẹ́ ká ka orí, fóònù ti borí tipẹ́. StatCounter, àwọn tó máa ń wo irú ẹ̀rọ tí aráyé fi ń ṣí sáìtì, kéde pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, fún ìgbà àkọ́kọ́ lágbàáyé, fóònù àti táblẹ́ẹ̀tì kó ìdá 51.3 nínú ọgọ́rùn-ún, kọ̀ǹpútà wá ku 48.7. Ní Nàìjíríà tiwa, a ti kọjá ibẹ̀ kó tó di ọdún yẹn.

Ibi tí mo ti máa bá àbúrò yín jà ni "gba ipò" yẹn. Kọ̀ǹpútà wo ló wà nílé yín tí fóònù wá lé jáde? Lọ́dún 2000, ilé mélòó ládùúgbò yín ló ní kọ̀ǹpútà? Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ohun tí fóònù gba ipò rẹ̀ ni kafé. Mo mọ̀, torí kafé tèmi wà lára ohun tó pa. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ò kú. Ìta ló wà látìbẹ̀rẹ̀, ìta náà ló ṣì wà, a sì ń sanwó kí ẹlòmíì tó bá wa fọwọ́ kàn án.

Ọmọ yín ò ṣe fáàrí. Ẹ ra láptọ́ọ̀pù. Màá sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan á kọ́kọ́ fẹ́ bá mi jà.

* * *

Ẹnì kan láti Ìlọrin kọ ọ́ pé: "Háà, Bọ̀dá Kafé! Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọ̀fánáìtì ná."

Bọ̀dá Kafé:

Ẹ ti fẹ́ gbé mi kúrò lójú ọ̀nà, àmọ́ mo ti ń bá yín lọ.

Fún àwọn ọmọ tí ò bá a: o máa ra tíkẹ́ẹ̀tì pélébé kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Tó o bá ti tẹ nọ́ńbà yẹn, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn ní igun ojú kọ̀ǹpútà, ojú ẹ ò sì ní kúrò lára ẹ̀ títí wàá fi dìde. Orí àwo sátẹ́láìtì tó wà lókè òrùlé ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé, gbogbo kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù ló sì ń pín in. Tí òjò bá ṣú, ó tán. Yahoo á ṣí dé ìdajì, á dúró, àwọn oníbàárà á kọjú sí mi bíi pé èmi ni mo rán òjò. Ọ̀fánáìtì ni ti ẹni tówó ẹ̀ ò tó: wọ́n á wọlé lálẹ́, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó dàárọ̀. Ẹlòmíì ń wá síkọ́láṣíìpù, ẹlòmíì ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí òyìnbó tí kò rí rí. Ẹ mọ àwọn yòókù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dárúkọ iṣẹ́ wọn.

Oṣù kẹjọ 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni kafé kú. Ká pe èèyàn, ká fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ìyẹn nìkan la ń fi fóònù ṣe nígbà náà. Ohun tó pa wá ni Opera Mini, áàpù tí wọ́n fi ń ṣí sáìtì, lórí Nokia kékeré. Kọ̀ǹpútà àwọn Opera lókè òkun ló máa kọ́kọ́ ṣí sáìtì náà, á fún un pọ̀, á wá fi èyí tó fúyẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ, dátà tó máa jẹ ò sì ní tó nǹkan. Oníbàárà tó máa ń wá san owó wákàtí kan lọ́dọ̀ mi nítorí íméèlì méjì wá ń kà á lórí ibùsùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni BlackBerry dé, tí àwọn ọmọ yunifásítì ò bi ara wọn ní nọ́ńbà mọ́, àfi "pín" wọn, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń rí ara wọn bá sọ̀rọ̀ lórí BlackBerry. Mo ta èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, mo ra ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì àti príńtà, mo sọ ṣọ́ọ̀bù di bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ní Agbowó níbí.

Àmọ́ mi ò ta gbogbo wọn. Àwọn tó kù ò sinmi láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn ló sì ń tò síwájú wọn.

* * *

Tíṣà kan láti Abẹ́òkúta ní: "Gbogbo ọmọ SS3 tí mò ń kọ́ ló mọ fóònù jù mí lọ. Gbé máòsì fún wọn, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Kí ló dé?"

Bọ̀dá Kafé:

Tíṣà, ibi tó ń dùn mí gan-an lẹ fọwọ́ tẹ̀ yìí.

Ẹ wo JAMB. Ọmọ á fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 kí wọ́n tó fún un ní kóòdù: fóònù nìyẹn. Pẹ̀lú kóòdù yẹn, ó di dandan kó lọ sí sẹ́ńtà CBT, ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣèdánwò, kí wọ́n tó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀: kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ìdánwò ọ̀hún ńkọ́? Láti 2015 ni wọ́n ti pa bébà tì pátápátá. Ọmọ tí kò sí kọ̀ǹpútà nílé bàbá rẹ̀, tí ilé-ìwé rẹ̀ sì ti kọ̀ǹpútà mọ́ yàrá kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, ọjọ́ ìdánwò tó lè dá a dúró sílé fún odindi ọdún kan ló máa kọ́kọ́ jókòó ti kíbọ́ọ̀dù.

JAMB náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é débi pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré tó láti fi dáhùn gbogbo ìbéèrè, láìfọwọ́ kan máòsì rárá. A, B, C, D wà fún ìdáhùn. N ń gbé ẹ lọ síwájú, P ń dá ẹ padà. S ni wàá tẹ̀ tó o bá parí, R sì wà fún ẹni tó tẹ S tí ọkàn rẹ̀ wá yí. Mo kọ ọ́ sára pátákó fún àwọn tó ń wá ṣe ìdánrawò lọ́dọ̀ mi. Ọmọ kan wá lọ́jọ́ kan, ó gbé ìka lé ojú kọ̀ǹpútà, ó ń fà á sókè bí ẹni tó ń wo TikTok. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí bí gbogbo ojú tó ti fọwọ́ kàn láyé rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn.

Àwọn àgbà á ní ọmọ òde òní mọ kọ̀ǹpútà. Irọ́ ni. Fóònù ni wọ́n mọ̀. Lórí fóònù, áàpù ló ń bá ẹ tọ́jú nǹkan, ìwọ ò ní í mọ ibi tó gbé e sí. Ẹ ní kí ọmọ gbé fáìlì kúrò nínú fódà kan bọ́ sí òmíràn, kó yí orúkọ rẹ̀ padà, kó fi sínú íméèlì, ẹ ó rí i. Tí mo bá bi wọ́n níbi tí wọ́n tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ó wà lórí WhatsApp, sà."

* * *

Ọmọ Ìkòròdú kan gbaná jẹ: "Ẹ̀yin àgbà, ohun tí fóònù ò lè ṣe lẹ máa ń kà. Fóònù ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Fóònù ni mo fi ń gé fídíò fún àwọn oníbàárà mi. Tẹ́ ẹ bá ní dandan ni kọ̀ǹpútà, ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tálákà ni."

Bọ̀dá Kafé:

Àbúrò, rọra. Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tó o sọ.

Ti fídíò, ìyẹn ti bọ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ ń fi CapCut ṣe lórí Tecno, láyé àtijọ́, ẹ gbọ́dọ̀ lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá. Ti ọjà títà náà ńkọ́? Ẹ dé Ìṣẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo bí àwọn tó ń hun aṣọ òkè ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ya aṣọ náà nígbà tó ṣì wà lórí òfì, wọ́n á gbé e sórí Instagram, ẹni tó ń ṣègbéyàwó ní Houston á wò ó, á ní kí wọ́n fi àwọ̀ àlùbọ́sà sí i. Ìyá aláṣọ ní Balógun ń fi WhatsApp status pàtẹ léèsì, owó ń wọlé sórí áàpù, ó ń gbọ́ àlẹ́ẹ̀tì. Kò sí nǹkan kan tí kọ̀ǹpútà máa bá wọn fi kún un. Ìyá Télọ̀ tó bi wá léèrè náà wà lára wọn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí ohun tí wọ́n pàdánù.

Ti kóòdù, mo fẹ́ bi ẹ́ ní ìbéèrè kan. Nígbà tí owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé, kí lo fi rà?

(Ó dáhùn: "Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni, sà. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ohun tí mò ń sọ.")

Ohun tí èmi ń sọ gan-an nìyẹn. Fóònù gbé ẹ dé ẹnu ọ̀nà, mo kí ẹ kú oríire, ọ̀pọ̀ ni ò tilẹ̀ gbìyànjú débẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe fóònù tó tóbi sí i lo lọ rà.

* * *

Bọ̀dá Kafé (mo ń padà sórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, torí ibẹ̀ lẹ̀rí mi wà):

Àwọn wo ló ń wá sọ́dọ̀ mi? Gbogbo wọn ní fóònù, ti ẹlòmíì wọ́n ju gbogbo ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù mi lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọba. Sáìtì náà ní àwòrán pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 100KB lọ, kó sì jẹ́ JPEG. Èyí tó fi fóònù yà ju 3MB lọ. Ó ń gbé e sókè, sáìtì ń dá a padà, kò sọ ìdí. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ náà, ó ya ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò lórí ibùsùn, aṣọ ibùsùn hàn ní igun, sáìtì sì ń béèrè PDF kan ṣoṣo. Mo gé etí àwọn fọ́tò náà, mo so wọ́n pọ̀, mo dín àwòrán kù, ó wọlé. Ó san owó, ó dúpẹ́. Gbogbo ohun tí mo ṣe yẹn, áàpù wà tó lè ṣe é lórí fóònù ọwọ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi hàn án ni.

Ẹni kejì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì. Ó fi WPS, áàpù ìkọ̀wé, tẹ orí kìíní sí ìkẹta lórí fóònù, àtàǹpàkò méjì péré ló fi tẹ̀ ẹ́, mo gbóríyìn fún un. Ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n kàn tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ṣí i nínú Word, tábìlì ti pín sí ojú-ewé méjì, àkọlé dá wà nísàlẹ̀ bébà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lókè òmíràn, nọ́ńbà ojú-ewé bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ewé àkọ́kọ́ tí orúkọ iṣẹ́ náà wà. Àmì ìdánudúró ló fi to àtòjọ àkóónú rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí nọ́ńbà á fi dé etí bébà. Lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ gún régé. Súpáfáísọ̀ rẹ̀ á gbé bírò pupa, á dá a padà, á tún wá bá mi. Mo ń jẹun lórí ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ má rò pé mò ń ráhùn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ti tán, ẹ wá wo ìlà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lásìkò pírójẹ́ẹ̀tì.

Ẹnì kan ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "ẹ̀bi àwọn tó ṣe sáìtì ni, kì í ṣe ẹ̀bi fóònù." Òótọ́ ọ̀rọ̀. Google fúnra rẹ̀, ẹ̀yà tó wà fún fóònù ló kọ́kọ́ ń wò nísinsìnyí kó tó to sáìtì sínú àwárí. Ṣùgbọ́n a ṣì ní àwọn ibi tí a ti ń forúkọ sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí tí bọ́tìnnì "Submit" rẹ̀ máa ń sá sẹ́yìn ojú fóònù, àfi kó o lọ tẹ àmì mẹ́ta orí Chrome, kó o mú "Desktop site". Ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ kí àbúrò Ìyá Télọ̀ tó pinnu pé kò sẹ́ni tó ń lo kọ̀ǹpútà mọ́. Títí wọ́n á fi tún un ṣe, ta ló ń san owó rẹ̀?

* * *

Àǹtí Peckham kọ ọ́ pé: "Lọ́dọ̀ tiwa ní London, gbogbo ilé ló ní láptọ́ọ̀pù. Àríyànjiyàn Nàìjíríà lèyí."

Bọ̀dá Kafé:

Àǹtí, ó kàn yín dáadáa. Káàdì BRP, ìyẹn káàdì ìgbélùú tẹ́ ẹ ń mú dání tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2024 ni wọ́n kọ sára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pé yóò parí, ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni eVisa tí kò ṣe é fọwọ́ mú. Ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé fóònù ni wọ́n fi ka ṣípù inú pásípọ́ọ̀tù wọn, nínú áàpù, kí ọ̀rọ̀ wọn tó lójú. Láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ kà sí ohun ńlá yẹn ò lè ṣe ìyẹn. Báǹkì yín náà, tẹ́ ẹ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, orí fóònù ló ṣì máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Fóònù ti di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kárí ayé. Iṣẹ́ inú ilé ni mi ò tíì rí i kó ṣe tán.

Ẹnì kan ti mú ọ̀rọ̀ Steve Jobs wá, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀. Lọ́dún 2010, ọdún tí iPad jáde, ó ní kọ̀ǹpútà máa dà bí ọkọ̀ akẹ́rù: nígbà tí oko ni gbogbo èèyàn ń gbé, akẹ́rù ni wọ́n ń rà, nígbà tí wọ́n dé ìlú, ọkọ̀ kékeré ló tó wọn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti parí ẹjọ́. Lójú tèmi, ẹ̀yìn tèmi ló gbè sí. Mélòó nínú wa ló ní tírélà? Síbẹ̀ iṣu tẹ́ ẹ jẹ lánàá, ta ló gbé e láti Ṣakí wá sí Bódìjà? Fídíò tẹ́ ẹ ń wò, áàpù tẹ́ ẹ fi ń sanwó, àbájáde ìdánwò tẹ́ ẹ ṣí lórí fóònù, ẹnì kan jókòó ti kíbọ́ọ̀dù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Fóònù tí wọ́n ń tà lágbàáyé ju bílíọ̀nù kan lọ́dún. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, tí ọmọ ní láti kàwé nílé, tí àgbà ní láti ṣiṣẹ́ nílé, kí ni wọ́n sáré lọ rà? Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tà lọ́dún 2021 ju mílíọ̀nù 330 lọ. Ó já wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo gbà, torí ẹni tó rà lánàá ò ní rà lónìí.

* * *

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà, láti Adó-Èkìtì, ló sọ èyí tó wọni lára: "Ẹ ń sọ láptọ́ọ̀pù, ẹ ò sọ iná. Ẹ ò sọ dátà. Láptọ́ọ̀pù tí kò síná, pákó ni."

Bọ̀dá Kafé:

Bàbá, tiyín ni mo gbà jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ. Tó bá jẹ́ ohun tó mú kí fóònù borí níbí lẹ ń wá, kò ju èyí lọ. Fóònù máa mu iná díẹ̀, á bá ẹ dé alẹ́, páwà báǹkì kékeré á tún gbé e dìde. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú máa ṣẹ́jú, á pa lọ́gán tí wọ́n bá ti mú iná, àti ohun tó o tẹ̀ tí o ò tíì tọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Band A mọ ohun tí ojú yín rí láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé yúnìtì kan lọ sí ₦225. Ẹni tí kò sì sí lórí Band A ń bá ilé epo sọ̀rọ̀.

Dátà náà rèé. Owó tí wọ́n fi kún ti ìpè àti dátà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Láptọ́ọ̀pù wá burú sí i, torí tó o bá ti so ó mọ́ hotspot fóònù ẹ, Windows á rò pé Wi-Fi ọ̀fẹ́ lòun bá pàdé. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe ara rẹ̀ wálẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìwọ ò tíì ṣí ojú-ewé kan tán, wọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé dátà ẹ ti tán. Èyí nìkan ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbé láptọ́ọ̀pù wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó sì ní egbòogi: lọ sí Settings, wọ Network, wọ Wi-Fi, tẹ orúkọ hotspot náà, kó o tan "Metered connection". Ìjẹkújẹ ọ̀hún á dínkù dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá ta láptọ́ọ̀pù fún ọmọ yunifásítì ní Nàìjíríà láì fi èyí hàn án ti jalè ìdajì.

Nítorí náà, mi ò bá ẹni tó ní kí ilé tí kò síná lọ ra kọ̀ǹpútà ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìyá Télọ̀ ń lọ sí yunifásítì. Iná máa ń wà níbì kan níbẹ̀, láíbúrárì, họ́sítẹ́ẹ̀lì, kílásì tí sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

* * *

Ìbéèrè kékeré láti Ìmẹ̀kọ: "Ti Yorùbá kíkọ pẹ̀lú àmì ńkọ́? Èwo ló sàn?"

Bọ̀dá Kafé: Fóònù. Gboard ní Yorùbá nínú, o kàn máa tẹ "e" mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yọ. Lórí kọ̀ǹpútà, àfi kó o fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sí i kó o sì há a sórí. Tó bá ti mọ́ ẹ lọ́wọ́, ó yá ju ti fóònù lọ. Àwọn tí mo ń tẹ ìwé ìkéde òkú fún ò ní sùúrù yẹn, wọ́n á ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run á yé e.

* * *

Ìyá Télọ̀ padà dé: "Ẹ ṣé o. Àbúrò mi ṣì ní Excel wà lórí fóònù. Tí mo bá máa ra láptọ́ọ̀pù náà, irú èwo? Owó tuntun ò sí lọ́wọ́ mi."

Bọ̀dá Kafé:

Excel wà lórí fóònù lóòótọ́. Ẹ ní kí àbúrò yín ṣí ìwé ìṣirò tí òpó (column) rẹ̀ tó ogún lórí fóònù ọwọ́ rẹ̀, kó wá bá yín wá ibi tí àròpọ̀ ò ti dọ́gba. Ẹni tó fẹ́ di akáńtáǹtì á jókòó ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́.

Tòkunbọ̀ ló máa tó owó yín, kò sì burú. Ohun kan ló wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣòwò kan kì í sọ: àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Windows 11 ló kù, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò sì ní gbà á. Ẹ wo nọ́ńbà Intel ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ i5-6300U, 6 tó tẹ̀lé i5 yẹn túmọ̀ sí ìran kẹfà, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ i5-8350U, ìran kẹjọ nìyẹn, ó wọlé. Ìdí nìyẹn tí HP EliteBook 840 G3 fi pọ̀ nígboro lówó pọ́ọ́kú: ìran kẹfà ni. G5 ni kẹ́ ẹ béèrè, tàbí ThinkPad T480, àmọ́ ẹ ṣì wo nọ́ńbà náà kó jẹ́ ìran kẹjọ. Kí RAM, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, jẹ́ 8GB, kí ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí sì jẹ́ SSD, irú èyí tó yá.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kó ṣí Notepad, kó tẹ gbogbo bọ́tìnnì níkọ̀ọ̀kan. Kó pa á, kó tàn án, kó wọ BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó máa ń ṣí kí Windows tó dé, torí àwọn kan jẹ́ ti ilé iṣẹ́ lókè òkun, páásíwọ́ọ̀dù wọn ṣì wà níbẹ̀. Kó ṣí Command Prompt, kó tẹ "powercfg /batteryreport". Ó máa kọ ìròyìn kan jáde tó ń sọ agbára tí bátìrì ní nígbà tó ṣì tuntun àti èyí tó kù lára rẹ̀. Tí èyí tó kù ò bá tó ìdajì, kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì tàbí kí wọ́n dín owó kù. Oníṣòwò tó bá bínú torí àṣẹ yẹn, ẹ kúrò níbẹ̀.

Kí fóònù rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Òun náà ló máa máa fi gbé íntánẹ́ẹ̀tì fún láptọ́ọ̀pù.

* * *

Ẹnì kan láti Ìjẹ̀bú-Òde: "G3 tẹ́ ẹ bú yẹn ló wà nílé mi. Ṣé kí n jù ú sílẹ̀ ni?"

Bọ̀dá Kafé:

Mi ò bú u o! Má jù ú nù. Fi Linux Mint sí i, ètò tó máa gba ipò Windows ni, ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo. Firefox á ṣiṣẹ́, LibreOffice á ṣí ọ̀pọ̀ ìwé Word àti Excel, fídíò á dún. Ohun tí ò ní ṣe ni àwọn ètò tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan, nítorí náà má gbé e fún ọmọ akáǹtíǹgì. Gbé e fún àwọn tó ń múra JAMB, kí ọwọ́ wọn mọ máòsì. Tó bá jẹ́ háádì díìsìkì àtijọ́ ló ṣì wà nínú ẹ̀, kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí SSD kó o tó ṣe ohunkóhun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wàá bú Mint lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹ̀.